Yàyá, Fìlómẹ́nà àti Ìkòkò Fùréjọ̀n

Ní ọjà Ìlaro lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan na àgbọn kan sí mi, ó dárúkọ iye tó ń tà á, mo sì bi í bóyá àgbọn mìíràn wà nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ó ti pẹ́ tí ẹ ti ra nǹkan gbẹ̀yìn." Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, owó àgbọn kan yẹn ìbá gbé mi láti Ìlaro dé Kútọnù, màá jẹun níbẹ̀, màá ra bàtà, màá sì padà wálé pẹ̀lú ṣéńjì lápò. Kọ́bọ̀ la fi ń ra ẹ̀wà nígbà náà, kọ́bọ̀ la sì fi ń wọkọ̀ lọ sí Ìdí-Ìrókò. Ọlọ́kadà tó gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ọjà láàárọ̀ ọjọ́ náà gba iye tí bàbá mi san fún odindi ọdún ilé-ìwé mi. Mo ra àgbọn náà ṣá. Ọjọ́ Ẹtì Rere ti kù sí dẹ̀dẹ̀, èmi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe Ọjọ́ Ẹtì Rere láìsí àgbọn. Ìyá bàbá mi ló fà á.

Yàyá ni gbogbo wa ń pè é. Romáànà ni orúkọ ìsàmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni mo gbọ́ rí tó ń fi orúkọ yẹn pè é. Bàbá tó bí bàbá Yàyá wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brásílì, tí wọ́n ra ara wọn padà, tí wọ́n sì wọkọ̀ ojú omi wálé. Àwọn ọmọ irú wọn là ń pè ní Àgùdà. Àjàṣẹ́, ní òdìkejì ibodè, ni wọ́n bí Yàyá sí, èdè Potogí ni wọ́n sì fi tọ́ ọ. Ọkùnrin Ìlaro kan tó ń ra obì kiri ló lọ fẹ́ ẹ wá, ìyẹn bàbá bàbá mi. Yàyá gbé Ìlaro títí ó fi ń bá ọmọ onílùú jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ àdúgbò wọn, ṣùgbọ́n Potogí ló fi ń lá àlá. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀.

"Bàbá rẹ àgbà pàápàá, Potogí ló ń sọ nínú àlá mi. Ó sì gbọ́n níbẹ̀ ju bó ṣe gbọ́n nígbà ayé rẹ̀ lọ."

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kọfí dúdú ló kọ́kọ́ ń mu, kò sì ní bá ẹ̀dá kankan sọ̀rọ̀ títí ife náà yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò ṣí ilẹ̀kùn àwọn adìyẹ. "Bọn díà," ni yóò kí wọn, bí ẹni ń kí àwọn àgbà ìjọ. Ó máa ń fẹjọ́ wa sun àwọn adìyẹ náà. Bí mo bá jí pẹ́, màá gbọ́ tí ó ń fi Potogí ṣàlàyé fún wọn irú ọmọ tí Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí mi, Àjàní ni mo ń jẹ́. Bí mo bá ti gbọ́ "Tọmási," mo mọ̀ pé ọ̀ràn ti ṣẹ̀, mo sì máa ń wá ibi gbà.

Gbogbo àdúgbò ló kọ́ láti fi Potogí kí èèyàn. Ó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, yóò bi í pé, "Kọmu pasó?" Ẹni tí kò bá dáhùn pé "Bẹn, brigádu," kò ní ráyè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá Ràbí, aládùúgbò wa, obìnrin Mùsùlùmí tó ń ta aṣọ ní ọjà, sọ ọ́ dáadáa ju èmi ọmọ ilé lọ. Ràbí ọmọ rẹ̀, ẹlẹgbẹ́ mi, sì ni Yàyá máa ń pè wá ha àgbọn, nítorí pé èmi máa ń jẹ ìdajì rẹ̀ kí n tó ha á tán. Nígbà kan, àlejò kan láti Èkó bi Ìyá Ràbí léèrè èdè tó fi dáhùn yẹn. Ìyá Ràbí wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ìkíni ilé wa ni. Ẹ̀yin, báwo lẹ ṣe ń kí ara yín ní Èkó?"

Faransé ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti Yàyá. Òun ni mo lọ kà ní yunifásítì. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn, nítorí a kò jìnnà sí ibodè, Faransé sì ni wọ́n ń sọ ní òdìkejì. Ṣùgbọ́n Yàyá dàgbà lábẹ́ àwọn Faransé ní Àjàṣẹ́, ó sì rántí nǹkan tí wọ́n fi èdè náà ṣe. Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí mi wálé, gbogbo ilé ń jó, òun jókòó. Ó wo ìwé náà lójú, ó wò ó lẹ́yìn, ó dá a padà fún mi.

"Faransé ni èdè tí wọ́n fi ń gba owó orí," ló wí. "Potogí ni èdè tí wọ́n fi ń jẹun. O ti yan tìẹ."

Lóòótọ́ ni nípa oúnjẹ. Mo rí i fúnra mi ní Kútọnù, níbi tí Fìlómẹ́nà wà. Fìlómẹ́nà àti Yàyá jọ dàgbà ní Àjàṣẹ́, wọ́n jọ gba oúnjẹ mímọ́ àkọ́kọ́, kí ọkọ tó mú ọ̀kan wá sí Ìlaro, tí ọkọ sì mú èkejì lọ sí Kútọnù. Bí mo bá wà ní ìsinmi, èmi ni mo máa ń sin Yàyá lọ. Ìlú ńlá ni Kútọnù, alùpùpù bí eṣú, afẹ́fẹ́ òkun tó ń fi iyọ̀ sí èèyàn létè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Fìlómẹ́nà tóbi, ó ní òpó mẹ́rin tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, ibẹ̀ sì ni àwọn àgbà Àgùdà ìlú náà máa ń péjọ sí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n kàn lè sọ Potogí.

Wọn kì í sọ ohun pàtàkì kan. Ẹni tó kú ní ọjọ́sí, ẹni tó yẹ kó ti kú, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ ọbẹ̀ sè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́! Yàyá tí mo mọ̀ ní Ìlaro, tó ń fi ọwọ́ di ẹ̀yìn mú kó tó dìde, yóò na ọrùn bí ọmọge, yóò máa fi abẹ̀bẹ̀ tọ́ka, ohùn rẹ̀ yóò yí padà. Lẹ́yìn èyí, ẹnìkan yóò mú pàńdẹ́rò jáde, ìlù pẹlẹbẹ tó ní ṣaworo létí, wọn yóò sì kọ orin sámbà tí àwọn bàbá wọn gbé bọ̀ láti òkè òkun. Mo rí i tí Yàyá jó. Mi ò tíì rí i kó jó ní Ìlaro rí.

Ọmọkùnrin kan láti Brásílì gan-an, tó wá ṣe olùkọ́ ní ìlú náà, máa ń wá jókòó tì wọ́n. Ní ọjọ́ kan, ó sọ fún Yàyá, tìfẹ́tìfẹ́, pé irú Potogí tí wọ́n ń sọ yìí ti gbó, pé ìyá ìyá ìyá òun nìkan ló lè sọ irú rẹ̀. Yàyá fi abẹ̀bẹ̀ kàn án ní orúnkún. Fìlómẹ́nà ló túmọ̀ ìdáhùn rẹ̀ fún mi nígbà tó rẹ́rìn-ín tán.

"Ó ní, 'Jẹ́ kí tìrẹ náà hu eyín ná, ọmọ mi, ká tó mọ̀ bóyá ó lè jẹ ẹran.'"

Ìjà Yàyá àti Fìlómẹ́nà fúnra wọn, orí fùréjọ̀n ló dá lé. Fùréjọ̀n ni oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Rere fún àwọn Àgùdà: ẹ̀wà dúdú tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n fi asẹ́ sẹ́, tí wọ́n fi omi àgbọn sè padà pẹ̀lú kànáfùrù títí yóò fi ki. Ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Yàyá máa ń fi ṣúgà sí tirẹ̀. Fìlómẹ́nà ní ẹni tó bá fi ṣúgà sí fùréjọ̀n, oògùn ikọ́ ọmọdé ló ń sè. Yàyá ní ẹni tó bá fi iyọ̀ sí i, kó kúkú lọ jẹ ẹ̀wà àti gààrí bí àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọdọọdún ni wọ́n ń ja ìjà yìí, ọdọọdún sì ni wọ́n jọ ń jẹ fùréjọ̀n náà, nítorí àdéhùn tó wà láàárín wọn láti ìgbà èwe. Yàyá ni yóò gbé fùréjọ̀n wá láti Ìlaro nínú ìkòkò irin tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Fìlómẹ́nà ni yóò se ẹja. Bí wọ́n bá ti jókòó ní ọ̀sán gangan, Potogí nìkan ni wọn yóò máa sọ títí ìkòkò yóò fi gbófo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ èdè mìíràn ni yóò fọ ìkòkò. Yàyá ti fọ̀ ọ́ láìmọye ìgbà, nítorí pé bí eegun ẹja bá gún un, Yorùbá ló fi ń pariwo. Fìlómẹ́nà kò fọ̀ ọ́ rí.

Lọ́dọọdún, bí a bá débẹ̀, àga kan ti ṣófo lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ọmọkùnrin Brásílì yẹn padà sí ìlú rẹ̀. Àwọn ọmọ àwọn arúgbó náà, Faransé ni wọ́n ń sọ. Níkẹyìn, ó ku Yàyá àti Fìlómẹ́nà. Mo bi Yàyá nínú ọkọ̀ bóyá ó máa ń ronú nípa rẹ̀.

"Mo ń ronú nípa rẹ̀ dáadáa," ló wí. "Bí Fìlómẹ́nà bá kú, ta ni màá máa bá jà? Àwọn adìyẹ kì í fèsì."

Lẹ́yìn náà ni ìjọba sójà ti ibodè pa.

Ẹni tó bá gbé agbègbè wa nígbà náà kò nílò àlàyé. Ìdí-Ìrókò tó máa ń hó bí omi gbígbóná di ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn awakọ̀ ń fi táyà ṣe ìrọ̀rí. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere àkọ́kọ́ tí ibodè fi wà ní títì, Yàyá se fùréjọ̀n, ó bù ú fún gbogbo àdúgbò, kò fẹnu kan án. Ó lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn adìyẹ. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí nítorí rẹ̀. Ó ń gbàgbé ọ̀rọ̀. Ó máa ń dúró láàárín àdúrà, yóò wo òkè, yóò wá ọ̀rọ̀ Potogí kan títí, kò ní rí i.

Nígbà tí Ọjọ́ Ẹtì Rere mìíràn súnmọ́, àwọn obìnrin tó ń gba ọ̀nà igbó ní ìhà Tube mú iṣẹ́ ẹnu wá pé Fìlómẹ́nà ń kí i, pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Mo ní kí n wá ẹni tí yóò gbé Yàyá gba ọ̀nà igbó yẹn kọjá. Ó wò mí bíi pé mo bú u.

"Ejò ló ń fi àyà wọ́, Tọmási. Èmi ò ní fàyà wọ́ lọ síbi oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì. Ojú títì ni màá gbà. Ránṣẹ́ sí Fìlómẹ́nà kó gbé ẹja wá sí ibodè."

Bí èmi, Ràbí àti Yàyá ṣe wọ Píjò lọ sí Ìdí-Ìrókò nìyẹn, ìkòkò gbígbóná láàárín ẹsẹ̀ Ràbí, àgbọn ń ta sánsán títí awakọ̀ fi ń gbé itọ́ mì. Sójà tó dúró nídìí ọ̀pá ìdènà, ọmọ Ayétòrò ni, Sájẹ́ǹtì Ìdòwú. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Yàyá.

"Màmá, ẹ ò lè kọjá."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ kọjá?"

"Kí lẹ wá ń fẹ́?"

"Mo fẹ́ jókòó."

Ó ṣàlàyé fún un. Òun yóò jókòó síbí, ọ̀rẹ́ òun yóò jókòó síbẹ̀, tábìlì yóò wà lábẹ́ ọ̀pá. Ẹnikẹ́ni kò ní gbé ẹsẹ̀ kọjá.

"Oúnjẹ ńkọ́?" Sájẹ́ǹtì ní. "Oúnjẹ máa kọjá, Màmá. Ẹrù sì ni oúnjẹ."

"Bó bá ti wọ ikùn, kì í ṣe ẹrù mọ́. Àbí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ikùn wò?"

Fìlómẹ́nà ti wà ní ìhà kejì, ọmọ ọmọ rẹ̀ di apá rẹ̀ mú, ọbẹ̀ ẹja wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Jandáàmù, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ìhà ọ̀hún, ń gbọn orí pé rárá. Ni mo bá lo ohun tí mo lọ kà. Mo bá a sọ Faransé, mo bẹ̀ ẹ́, mo dá a lẹ́rìn-ín, títí òun fúnra rẹ̀ fi lọ yá tábìlì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tíì, tó sì bá mi gbé e sábẹ́ ọ̀pá. Yàyá ń wò wá.

"Ó dáa," ló wí nígbà tí mo padà dé. "Faransé wúlò fún gbígbé tábìlì."

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó sọ gbẹ̀yìn nìyẹn, nítorí oòrùn ti dé àtàrí. Wọ́n jókòó. Fìlómẹ́nà na ọwọ́ sí abẹ́ ọ̀pá, ó wá ọwọ́ Yàyá kàn. "Kọmu pasó, Romáànà?" Potogí bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu Yàyá, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń wá nínú àdúrà, ó rí wọn. Àwọn awakọ̀ súnmọ́ tòsí. Ìgbà tí wọ́n fi dé orí ọ̀rọ̀ ṣúgà, a mọ̀ láìgbọ́ èdè, nítorí pé abẹ̀bẹ̀ méjèèjì ti dìde.

Àárín èyí ni ọkọ̀ ọ̀gá àwọn sójà dé. Ọ̀gá náà sọ̀kalẹ̀, ó wo tábìlì, ó wo ìkòkò, ó wo Sájẹ́ǹtì Ìdòwú, ẹni tí òógùn ti bò lójú.

"Àwọn wo nìyí? Èdè wo ni wọ́n ń sọ?"

"Sà, Yorùbá ni Màmá yìí bá mi sọ lẹ́ẹ̀kan." Sájẹ́ǹtì tẹ̀ síwájú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọ̀gá lóhùn."

Yàyá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ̀gá, ó sì fi Potogí dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ gígùn kan tó dùn ún gbọ́. Fìlómẹ́nà fi tirẹ̀ kún un.

"Wọ́n ń pa àrokò ni," ọ̀gá wí. "Ẹ gbé tábìlì yìí kúrò."

Mo sáré síwájú. Mo ṣàlàyé pé ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú wọn ni yóò fọ ìkòkò.

"Nítorí ìkòkò ni ìyá yìí kò ṣe fẹ́ dá mi lóhùn?"

"Nítorí ìkòkò ni, sà."

Ọ̀gá yí sí tábìlì, ó fi Yorùbá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Màmá, ajá ti ń jẹ ẹja yín."

Fìlómẹ́nà ta gìrì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo abọ́ ẹja, ó sì fi Potogí bú ajá tí kò sí níbẹ̀ láti orí dé ìrù. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ibodè, tibí tọ̀hún, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ràbí bu díẹ̀ fún òun, ó jẹ ẹ́ ní ìdúró, ó nu ẹnu, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n jọ ìyá mi," ló sọ fún Sájẹ́ǹtì. "Jẹ́ kí wọ́n jẹun tán."

Wọ́n jẹ ẹ́ tán, ó ku bíi ṣíbí kan ní ìsàlẹ̀ ìkòkò. Oòrùn ti rọ̀. Yàyá na ṣíbí rẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni Fìlómẹ́nà gbé ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú sókè, tó sọ Yorùbá kedere:

"Romáànà, ṣúgà yẹ ẹ́."

Ṣíbí Yàyá dúró sójú afẹ́fẹ́. Láti ìgbà èwe, Fìlómẹ́nà kò pàdánù rí, kò sì gbà rí. Ó dìde, ó fi aṣọ di etí ìkòkò irin náà mú, ó fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀ lábẹ́ ọ̀pá.

"Èmi ni mo pàdánù. Èmi ni màá fọ̀ ọ́."

"Màmá," Sájẹ́ǹtì Ìdòwú wí, "ẹ jọ̀ọ́, ìkòkò ò lè kọjá."

"Ìdọ̀tí ló wà nínú rẹ̀. Ṣé ìjọba ti fi òfin de ìdọ̀tí?" Fìlómẹ́nà bi í.

Sájẹ́ǹtì wo ọ̀nà tí ọkọ̀ ọ̀gá gbà lọ. Ó wá yí ẹ̀yìn padà, ó sì ń wo igbó bí ẹni pé ẹnìkan ń pè é láti ibẹ̀. Ìkòkò kọjá.

Nínú ọkọ̀, Yàyá kọjú sí fèrèsé. Mo rò pé ẹkún ló ń sun. A ti dé Òwódé kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tó ń mì í ní èjìká.

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é," ló wí. "Ó mọ̀ pé mi ò lè kú kí n fi ìkòkò ìyá mi sílẹ̀ ní Kútọnù."

Kò sì kú. Ó dúró de ibodè náà. Oúnjẹ tí kò fẹ́ jẹ tẹ́lẹ̀, ó ń jẹ ẹ́. Ó ń rìn yí ilé ká láàárọ̀, ó ní òun ń múra ẹsẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ibodè, a wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọjá, Sájẹ́ǹtì Ìdòwú fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀pá sókè. Fìlómẹ́nà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ríran mọ́, ìkòkò náà wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dán bí bàtà sójà. Yàyá kò tíì sọ̀rọ̀ tí Fìlómẹ́nà fi ti dá ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀.

Wọ́n sọ Potogí títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú, a sì sùn síbẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, Yàyá gbé ìkòkò náà lé itan ara rẹ̀, kò jẹ́ kí n bá a gbé e. "Ó fọ̀ ọ́ mọ́ jù," ló ń wí ṣáá. "Ó ti fọ adùn ìyá mi kúrò lára rẹ̀." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lójú ọ̀nà ní Potogí.

Fìlómẹ́nà lọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Yàyá kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Orí oorun ló kú sí, ní kùtùkùtù, kó tó mu kọfí. Ràbí ló ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn adìyẹ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì kí wọn bó ṣe yẹ.

Mo ti dàgbà kọjá ọjọ́ orí tí mo rò nígbà èwe pé èèyàn lè dé. Nínú gbogbo àwa tí a wà nídìí tábìlì ọjọ́ náà, èmi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí jandáàmù. Mo gbọ́ pé ọ̀gá ti kú. Ọmọ ọmọ Fìlómẹ́nà wà láàyè ní Kútọnù, ó ń pè mí lórí fóònù ní Kérésìmesì, Faransé la fi ń sọ̀rọ̀, Yàyá á dárí jì wá. Sájẹ́ǹtì Ìdòwú wà láàyè. Ó ń dá oko ẹ̀gẹ́ ní Ayétòrò, ó ń fi ọ̀pá rìn, gbogbo Ọjọ́ Ẹtì Rere ló sì máa ń wọ ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ mi láti jẹ fùréjọ̀n. Ràbí wà láàyè, ó ti lọ sí Mẹ́kà bọ̀, ó ṣì ń bá mi ha àgbọn, nítorí pé mo ṣì ń jẹ ẹ́. Ìkòkò náà wà. Èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́. Gbólóhùn Potogí tó kù láàárín àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju ìkíni yẹn lọ, nítorí náà, bí a bá ti kí ara wa tán, a máa ń jókòó, a ó dákẹ́, a ó máa wo ara wa lójú, títí èmi yóò fi kọ́kọ́ sọ Yorùbá.